GỌ́TÀ LỌJÀ Ń FẸ́, GÉÈTÌ NI KÁŃSÙ ṢE!

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin èèyàn wa, ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ káńsù ń fárí aráàlú lẹ́yìn wọn! Òjò á rọ̀, omi á ya wọ ọjà, àwọn ìyá aláta á máa fi abọ́ gbọ́n ọn kúrò nídìí igbá. Bí káńsù bá máa wá ṣiṣẹ́, kí ni wọn óò gbé wá? Géètì ńlá lẹ́nu ọ̀nà ìlú, tí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" sí, tí wọ́n lẹ àwòrán alága mọ́.

Bí àwọn ìyá ọjà bá tọ kánsẹ́lọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kì í ju báyìí lọ:

"Ọmọ wa, ṣé gọ́tà kọ́ la bẹ̀ yín fún nígbà ìbò?"

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Òkè ni wọ́n ti kọ ọ́ wá. Ọjọ́ tí kọngílá já yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ lèmi náà gbọ́."

Ẹ ò rí nǹkan! Kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn, yẹ̀pẹ̀ ló wá ń jíṣẹ́ fún un ní wọ́ọ̀dù ara rẹ̀.

Òfin kò sì sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1976 tí ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe jákèjádò Nàìjíríà, tí wọ́n dá 301 sílẹ̀, wọ́n ní kí ìjọba lè sún mọ́ mẹ̀kúnnù ni. Wọ́n ti di 774 báyìí. Ìwé òfin 1999, abala keje, sọ pé ojúṣe káńsù ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀. Ó tún ka iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìyàgbẹ́ ìgboro, itẹ́ òkú, ojú ọ̀nà, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí. Gọ́tà wà níbẹ̀ gbangba gbàǹgbà. Ta ló rí géètì níbẹ̀?

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn alága fi ń ké pé ọwọ́ gómìnà lowó wọn ń há sí, irọ́ kọ́ sì ni wọ́n ń pa. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kò bófin mu kí gómìnà máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Ìdájọ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà, tó bọ́ sọ́wọ́ alága tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, géètì kejì ni yóò tún tẹ̀lé e!

Ìlú tó gbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, Ìjẹ̀bú-Òde pe ìpàdé lórí ìṣẹ́ tó ń bá wọn fínra. Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní 2025, wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tó di olóògbé ní 2022, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde. Aráàlú sọ tẹnu wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lára èso rẹ̀ ni oko ẹja tó wà ní Erìwé, tó sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ọlọ́sìn ẹja. Ohun tí ìlú lè pe ara rẹ̀ jọ ṣe, kí ló ń dí káńsù lọ́wọ́?

Àmọ́ ṣá o, ẹ̀bi náà kò mọ sọ́dọ̀ káńsù. Bí ìpàdé ìlú bá dé, àwọn bàbá nìkan ní í sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń pọnmi láti odò, kò sẹ́ni tó bi í. Àdúgbò òkè fẹ́ títì, tìsàlẹ̀ fẹ́ kànga, àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó fẹ́ gbọ̀ngàn tí wọn óò ti máa náwó lọ́dún Kérésì. Ibi tí wọ́n bá ti ń bára wọn jà, alága á kúkú ṣe èyí tó wù ú.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó jókòó, kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan pàdé, tọkùnrin tobìnrin, tọmọ iṣẹ́ tọ̀gá. Kí wọ́n mú ohun mẹ́ta péré. Èyí tí àìsí rẹ̀ ń pààyàn, tàbí tó ń ba oúnjẹ èèyàn jẹ́, ni kó ṣíwájú: omi, ilé ìwòsàn, gọ́tà. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹnu kò sí, iye owó rẹ̀ àti orúkọ kọngílá sára pátákó níwájú káńsù àti láàfin, kí tọmọdé tàgbà máa kà á.

Ẹ̀yin alága, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ̀yin aráàlú, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá já yẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́ o!