Ìgbà Tí Ìbò Ṣì Wà Lórí Tábìlì Ni Kí Ẹ Sọ̀rọ̀!

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Waterside, ṣé ẹ rántí ìbò gómìnà oṣù kẹta ọdún 2023? Wọ́n kéde 276,298 fún APC, 262,383 fún PDP. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ó dé kòtẹ́milọ́rùn, ó parí sílé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní January 2024. Oṣù mẹ́wàá gbáko, èsì ò yí padà. (Ti àwọn ibùdó tí wọ́n fagi lé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Adájọ́ kò sí nídìí àpótí n'Íwòpin tàbí l'Ábígì. Ohun tí a bá kó síwájú rẹ̀ ló mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ àtúnkà wà nínú òfin o! Òfin ọdún 2022 tí a fi dìbò náà, abala 61, ní bí ọ̀gá ibùdó bá ka ìbò tán, ajẹ́ńtì ẹgbẹ́ lè ní kó tún un kà lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bí ajẹ́ńtì wa bá ti lọ jẹun ńkọ́? Bó bá ti gba owó ẹmu lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀hún ńkọ́?

Ìwé ìbò tí wọ́n ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló dùn mí jù. Ìyá àgbà tẹ̀ka, tádàwà fara kan ìlà díẹ̀, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ó bàjẹ́ báwo, nígbà tí ọmọdé pàápàá rí ẹgbẹ́ tí ìyá tẹ̀? Òfin kan náà ní bí ajẹ́ńtì bá takò ó lójú ẹsẹ̀, dandan ni kí ọ̀gá ibùdó kọ ọ́ sára ìwé náà pé wọ́n takò ó. Ẹni tó dákẹ́ níbẹ̀, kí ni yóò fi hàn ní kóòtù?

Ẹ má sọ pé ìwé mélòó kan ni. L'Ọ́ṣun ní 2018, ìbò 353 ló wà láàárín ẹni méjì. Wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó méje péré, ẹni tó wà lẹ́yìn sì fi 482 borí.

Àwọn aládùúgbò wa l'Óǹdó náà ò gbàgbé 1983. FEDECO kéde Omoboriowo, àmọ́ iye tí wọ́n kéde kò bá ìwé èsì mu, ilé ẹjọ́ sì dá ipò padà fún Ajasin. Torí náà, ajẹ́ńtì tí kò bá gba ìwé èsì tirẹ̀, kó má kúrò níbẹ̀.

A ń wá ajẹ́ńtì fún gbogbo ibùdó: ẹni tó mọ̀wé, tí òjò ò lè lé, tí owó ò lè rà. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alága wọ́ọ̀dù yín. Kí kálukú mú báírò méjì àti tọ́ọ̀ṣì dání.