Ta Ni Yóò Bọ́ Ẹranko Ilé Ìwádìí Nígbà Tí A Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀?



Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ní kí a daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ yóò pa á, dírẹ́bà yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí gáréèjì, a ó ti géètì, a ó sì máa wo ojú ọ̀gá. Ẹ̀rọ kì í jẹun, mọ́tò tí a gbé sílẹ̀ kì í sì í ké fún omi. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwa òṣìṣẹ́ tí ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn kò ṣeé pa bí ẹ̀rọ. Àwọn ni wọ́n ń bọ́ eku funfun, ehoro àti ọ̀bọ ní àwọn yunifásítì àti ní àwọn ilé ìwádìí oògùn. Bí a bá ti géètì ní ọjọ́ Ajé, tí ẹnikẹ́ni kò sì wọlé títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí a ó bá nínú àgò.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ. Èrò wa ni pé kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé, bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, àwọn tí ń bọ́ ẹranko yóò máa wọlé láti bọ́ wọn. Àṣẹ ẹgbẹ́ ni wọn yóò sì fi wọlé, kì í ṣe àṣẹ ọ̀gá.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Owó oṣù kò tó jẹun, owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ eku!" Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹni náà lóhùn.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná Kútọnu àti Lomé mọ káàdì yẹ́lò dáadáa. Òun ni ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, tí òyìnbó ń pè ní yẹ́lò fífà. Níbo ni abẹ́rẹ́ náà ti wá? Ní ọdún 1927, àwọn oníwádìí tí Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà rán wá ń ṣiṣẹ́ ní Yábá, ní Èkó wa níhìn-ín. Ní ọdún náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà báyìí, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ kan, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà. Ara Asibi yá, ọ̀bọ náà kú. Láti ara ọ̀bọ kan dé ara òmíràn ni wọ́n fi pa kòkòrò àìsàn náà mọ́ láàyè. Nígbà tí ó yá, Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rọ agbára kòkòrò yẹn, wọ́n sì fi ṣe abẹ́rẹ́ 17D ní ọdún 1937. Òun náà ni gbogbo ayé ṣì ń lò. Àwọn ọ̀bọ wọ̀nyẹn kò bẹ ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́, wọn kò sì gba owó oṣù. Gbèsè wọn wà lọ́rùn wa.

Kì í ṣe ọ̀bọ nìkan ni ó kú. Dókítà Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníwádìí náà, kó àìsàn yẹn, ó sì kú ní Èkó ní oṣù September ọdún 1927. Ní ọdún 1967, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Marburg àti Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, àti ní Belgrade ní Yugoslavia ìgbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ wọn kan ọ̀bọ tí a kó wá láti Uganda, tàbí ẹ̀yà ara ọ̀bọ náà, ni àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí kọ́kọ́ mú. Ó ran àwọn tí ń tọ́jú wọn. Ènìyàn 31 ni ó mú, 7 nínú wọn sì kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹranko yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ohun tí ó bá wà nínú àgò lè bá ẹni tí ń fọ àgò délé.

A kò sọ pé kí wọ́n ti ilé ìwádìí pa. Ohun tí à ń sọ ni ohun tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti sọ. Ní ọdún 1959, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Russell àti Burch, kọ ìwé kan tí ó la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀: bí ohun mìíràn bá lè ṣe iṣẹ́ náà, ẹ má lo ẹranko, bí ẹ bá máa lò ó, ẹ dín iye rẹ̀ kù, èyí tí ẹ bá sì lò, ẹ dín ìrora rẹ̀ kù. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sára ẹranko nìkan. Eku tí ebi ń pa, tí ooru mú, tí ìbẹ̀rù sì bá, ara rẹ̀ kò ní rí bí ara eku tí ó wà ní àlàáfíà. Ìdáhùn tí yóò fún oníwádìí lè jẹ́ irọ́. Oògùn tí wọ́n bá sì ti ibẹ̀ ṣe, àwa àti àwọn ọmọ wa ni yóò mu ún.

Kí ni òfin wí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1986 pa á láṣẹ pé kí ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹni tí ìtọ́jú ẹranko lójoojúmọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti dókítà ẹranko pẹ̀lú. Níhìn-ín, abala 495 nínú ìwé òfin Criminal Code ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn Náírà 50 sí i. Náírà 50! Kò tó wọ ọkọ̀ láti Ojúẹlẹ́gbà dé Yábá lónìí. Abala náà kò sì sọ ẹni tí yóò gbé omi fún ehoro ní ọjọ́ Àìkú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún 1906, wọ́n gbé ère ajá kan kalẹ̀ ní Battersea, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìrántí ajá kan tí ó kú ní ilé ìwádìí. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá láti wó o ní oṣù December ọdún 1907, àwọn ará àdúgbò náà ni wọ́n lé wọn padà. Tálákà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò rò pé àánú ẹranko yóò dín owó oṣù wọn kù.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́.

Èkíní, kí orúkọ àwọn tí yóò máa bọ́ ẹranko nígbà ìyanṣẹ́lódì wà nílẹ̀ ṣáájú, kí alága ẹ̀ka fọwọ́ sí i. Oúnjẹ, omi àti fífọ àgò nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá tí ó bá fi iṣẹ́ mìíràn kún un ti ba àdéhùn jẹ́.

Èkejì, kí wọ́n san owó ofatáìmù fún ẹni tí ń wá bọ́ ẹranko ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹranko kò mọ ọjọ́ Kérésì, kò sì mọ ọjọ́ Iléyá.

Ẹ̀kẹta, kí ìbọ̀wọ́, bàtà, ìbòmú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún wọn, kí a sì tọ́jú ẹni tí ẹranko bá bù jẹ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí aṣojú wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń fọwọ́ sí ìwádìí. Ẹni tí ń bọ́ ẹran ni ó kọ́kọ́ ń mọ èyí tí kò jẹun.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yóò ní èyí yóò sọ ìyanṣẹ́lódì di yẹpẹrẹ. Rárá o. Ní ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í ṣe olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìjà náà tọ́. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá tún dé, tí ìwé ìròyìn sì gbé àwòrán òkú ẹranko jáde, ta ni yóò tún rántí owó oṣù wa? Ọ̀gá yóò ní, "Ẹ wo ìkà tí wọ́n ṣe." Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbé ọ̀pá tí wọn yóò fi nà wá lé wọn lọ́wọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àwa tí a mọ bí ebi ti rí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún ohun tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka, kí a jọ jíròrò rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.