Orúkọ Òǹkọ̀wé Kò Gbọdọ̀ Sọnù Sínú Kọ̀ǹpútà

Orí páálí pélébé ni àwọn olùṣèwádìí ń kọ ìtọ́kasí sí tẹ́lẹ̀. Lóde òní, ètò kọ̀ǹpútà ló ń bá ọ̀pọ̀ wọn ṣe é. Zotero, tí Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2006, jẹ́ ọ̀kan tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ó ń kó àpilẹ̀kọ jọ, ó ń pín wọn sí ìsọ̀rí, ó sì ń to ìwé ìtọ́kasí sẹ́yìn iṣẹ́ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Ṣùgbọ́n ètò yìí kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí àṣìṣe. Bó ṣe bá orúkọ níbi tó ti kó o ló ṣe ń gbé e kalẹ̀. S. A. Babalola ló kọ ìwé lórí ìjálá lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1966. Adébóyè Babalọlá ló ṣe Àwọn Oríkì Orílẹ̀ lọ́dún 1967. Ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Bákan náà ni ìtumọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde lọ́dún 1968: bí a kò bá fi orúkọ Ṣóyínká sí àyè olùtumọ̀, òun ni yóò di òǹkọ̀wé ìwé Fágúnwà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba àkójọ olùkọ́ rẹ̀, òun náà a sì fún ẹlòmíràn. Báyìí ni àṣìṣe kan ṣoṣo ṣe ń di ti ọ̀pọ̀ èèyàn, tí iṣẹ́ àgbà onímọ̀ sì ń fọ́n káàkiri lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi.

Àwọn kan yóò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, nígbà tó jẹ́ pé ìyára la tìtorí ẹ̀ gba kọ̀ǹpútà. Àwíjàre yìí kò múná dóko. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ó ṣe àtúnṣe náà. Gbogbo iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀nà tí àṣìṣe ń gbà ràn náà ni òótọ́ lè gbà ràn.

Nítorí náà, kí olùṣèwádìí ṣí ìwé gan-an wò kó tó fi àkọlé rẹ̀ pamọ́. Kó yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò máa gbà kọ orúkọ òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì tó tọ́ sí i. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò yẹ kí ẹ̀rọ tí kò mọ ilé máa tún ọmọ sọ lórúkọ.