Ẹ Jẹ́ Ká Yé Bá Oòrùn Jà Nítorí Bùrọ́kọ́lì

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo gbin ẹsẹ̀ bùrọ́kọ́lì 200 sí ẹ̀yìn ilé wa n'Íbàdàn. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò ń bi mí pé irú kábéèjì wo nìyẹn. Mo ti ń ṣírò èrè. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọrí, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ewé sì ń ta jáde láàárín rẹ̀. Kí n tó mọ̀, àwọn yòókù ti tanná. Owó irúgbìn, owó ajílẹ̀, owó omi, gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀.

Ẹni tó ta irúgbìn fún mi ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ojú ọjọ́ ni mo ń bá jà. Ohun tí à ń jẹ lára bùrọ́kọ́lì kì í ṣe ewé, kì í sì í ṣe èso. Òdòdó tí kò tíì là ni. Òtútù ló ń jẹ́ kí òdòdó náà ṣù pọ̀ dáadáa. Ìwọ̀n ooru dìgírì Celsius 15 sí 20 ló bá a lára mu jù. Bó bá ń kọjá 27 léraléra, orí rẹ̀ á tú ká, á sì yára tanná. N'Íbàdàn, àní nínú ọyẹ́ pàápàá, ooru ọ̀sán máa ń lé ní 30.

Àwọn kan á ní irúgbìn tó lè fara da ooru ti wà. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá gbin irú bẹ́ẹ̀ sínú ike ní Oṣù Kẹsàn-án, tó sì ṣí i lọ sóko ní Oṣù Kẹwàá, lè rí díẹ̀ gé nínú ọyẹ́. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ọ̀dọ́ kankan nímọ̀ràn pé kó fi owó àjọ rẹ̀ dá irú oko bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ tó gbóná, torí pé fídíò kan lórí fóònù ní ó ń mówó wá.

Ṣebí a ní Jos. Ìlú náà fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, òru rẹ̀ sì máa ń tutù gan-an nínú ọyẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbin kábéèjì, karọ́ọ̀tì àti àwọn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ tútù mìíràn fún wa. Ìṣòro wọn kì í ṣe ooru oko, ooru ojú ọ̀nà ni. Bùrọ́kọ́lì tí a bá tètè gbé sínú òtútù tó sún mọ́ ti yìnyín lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìbàjẹ́. Nínú ooru lásán, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó kó di aláwọ̀ ìyeyè. Ọ̀nà Jos sí Èkó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 1,000, lórí ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò.

Nítorí náà, bí ìjọba tàbí àjọ kan bá ní owó tó fẹ́ ná lórí bùrọ́kọ́lì, kó má fi kọ́ wa bí a ṣe ń gbìn ín n'Íbàdàn. Kó fi kọ́ yàrá òtútù sẹ́bàá oko ní Jos, kó fi ra ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúǹkantutù, kó sì ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀ sí ọjà Mile 12.

Ní tèmi, tẹ̀tẹ̀ ni mo gbìn sórí ebè wọ̀nyẹn lọ́dún tó kọjá. Kò pé oṣù kan tí a fi ń gé e. Bí bùrọ́kọ́lì bá wù mí jẹ, mo ti mọ ọ̀nà tó ń gbà wá. Kí wọ́n ṣáà bá mi mú ọ̀nà náà tutù.