Ẹ Kọ Ọ̀nà Náà Sílẹ̀ Kí Ìdíje Tó Bẹ̀rẹ̀

Sí Mallam Shehu Dikko, Alága Àjọ Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Àbújá.

Ẹ̀yin Alága wa,

Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù, eré sísá àti ìjàkadì ló ń gba ọ̀pọ̀ àkókò yín, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Mo fẹ́ kí àjọ yín àti àwọn alákòóso eré curling nílẹ̀ wa jọ kọ ọ̀nà tí ẹgbẹ́ eléré yóò máa gbà pegedé láti ṣojú Nàìjíríà sílẹ̀, kí ẹ sì kéde rẹ̀ níbi tí tẹrú-tọmọ á ti rí i kà, kí sáà ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Orí yìnyín ni wọ́n ti ń ta curling. Ẹni mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹnì kan á ti òkúta tó súnmọ́ kílò 20, òkúta náà á máa yọ̀ lọ, àwọn méjì á máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo yìnyín iwájú rẹ̀ kí ó lè jìnnà, balógun á sì dúró lápá kejì, á máa júwe ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó dúró sí. Eré yìí kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ní ìlú Stavanger ní Norway, Tijani Cole àti Susana Cole gbé àsíá wa wọ ìdíje àgbáyé ti ẹlẹ́ni méjì, takọtabo. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan kò dé irú ibẹ̀ rí ṣáájú wa. Wọ́n sì fàgbà han Faransé níbẹ̀.

Ẹni tó ti dé irú ibẹ̀ yẹ kó ní ètò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Kánádà, níbi tí eré yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣe yan àwọn ọkùnrin tó lọ sí Òlímpíìkì ìgbà òtútù ti Sochi. Ìdíje àṣàyàn wáyé ní Winnipeg ní ìparí ọdún 2013, ẹgbẹ́ 8 péré ló sì láyè níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tó bá gba ife-ẹ̀yẹ Canada Cup ti wọlé. Àwọn mìíràn wọlé nípa póìntì: wọ́n ń ṣírò ipò tí ẹgbẹ́ kan gbà nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ bí àwọn tó bá pàdé níbẹ̀ ṣe lágbára tó, tí ẹni tó ń na ọ̀lẹ nìkan kò fi lè rí póìntì kó jọ. Àyè 2 tó kù, ìdíje kan ní Kitchener ni wọ́n fi í sí, fún àwọn tí ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ kò gbà.

Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Brad Jacobs láti Northern Ontario ti gba Brier, ìdíje àwọn ọkùnrin Kánádà tó ti wà láti 1927. Ṣùgbọ́n Brier kò sí lára àwọn ọ̀nà tí òfin ọdún náà là. Olúborí orílẹ̀-èdè di ẹrù rẹ̀, ó gba Kitchener lọ bíi ti àwọn yòókù, ó sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹgbẹ́ John Morris náà gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí wọ́n dé Winnipeg, àwọn méjèèjì tó gba ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn wọlé ló kojú ara wọn ní àṣekágbá. Jacobs borí, ó sì gba góòlù ní Sochi ní 2014.

Ẹ̀yin Alága, a lè jiyàn pé ó yẹ kí òfin náà ka Brier sí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ òfin náà tẹ́lẹ̀, wọn kò tẹ̀ ẹ́ nítorí orúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn kan sílẹ̀ títí dé òpin. Ohun mẹ́ta yẹn ni mo ń tọrọ fún wa.

Tiwa ní ìṣòro tirẹ̀. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ yìnyín, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ eré yìí dunjú ní láti wá a lọ sókè òkun. Nítorí náà póìntì wúlò fún wa gan-an, torí ọmọ Nàìjíríà níbikíbi lè máa kó o jọ nínú ìdíje tó wà nítòsí rẹ̀, láìwọ bàálù. Lẹ́yìn náà, kí àwọn tó ṣe dáadáa jù pàdé lójúkojú, kí àyè kan sì wà fún ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ẹni tí yóò sanwó ọkọ̀ sínú òfin náà pẹ̀lú. Bí ẹgbẹ́ kan bá borí, tí ó wá jẹ́ pé ẹni tó rówó tíkẹ́ẹ̀tì san ló lọ, owó ló yàn án.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni a fẹ́ fi òfin tó pọ̀ tó báyìí ṣe fún eré tí àwọn tó ń ta á kò pọ̀. Àìpọ̀ wọn gan-an ni ìdí rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù, bí ogún eléré bá bínú, ogún mìíràn wà nílẹ̀. Nínú curling, bí ẹni mẹ́rin bá gbà pé wọ́n yàn wọ́n jẹ, wọ́n lè máà padà wá mọ́, ẹgbẹ́ á sì tú. Bẹ́ẹ̀, ibi tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kì í sí: ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò ní rí ìwé tí yóò tọ́ka sí.

Iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀. Ìwé ojú ewé díẹ̀ ni, pẹ̀lú ọjọ́ tí a kéde rẹ̀ àti ìpinnu pé a kò ní yí i padà títí sáà á fi parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe é kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, kí ẹgbẹ́ tó bá pegedé lè mọ ohun tó gbé e débẹ̀, kí èyí tí kò pegedé sì mọ ohun tó kù fún un láti ṣe.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olólùfẹ́ eré ìdárayá kan