Ẹja Tí Í Sanwó Ọkọ̀

Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Ṣùgbọ́n nínú agbami Olókun Ṣẹ̀níadé, tí omi rẹ̀ ń fọ ẹsẹ̀ ilẹ̀ Ìlàjẹ láti Àràrómì títí dé Awóyè, ẹja kan wà tí ìbátan tirẹ̀ ní owó ọkọ̀ nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní remora, tí í lẹ̀ mọ́ ekurá, mọ́ àbùùbùtán, mọ́ ìjàpá òkun, àní mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi pàápàá.

Kì í ṣe ẹnu ni ó fi ń dì wọ́n mú. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó yí padà láti kékeré, tí ó sún wá sí àtàrí, tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Bí ó bá ti gbé àwọn ìlà náà nàró, ó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí nìyẹn. Ẹni tí ó bá dì í mú nírù tí ó ń fà á sẹ́yìn, ńṣe ni ó ń mú un lẹ̀ sí i. Ẹni tí ó tì í síwájú ni yóò rí i tí ó já wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn apẹja Zanzibar mọ èyí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Kúbà tí Columbus bá pàdé ní 1494: okùn ni wọ́n ń so mọ́ ọn nírù, tí ó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ìjàpá òkun, wọ́n á fa okùn wálé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pè é ní ọ̀lẹ, alájẹkù. N kò bá wọn dá ẹjọ́ náà. Lóòótọ́ ni ó ń jẹ èérún tí ó bọ́ lẹ́nu ekurá, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣa àwọn kòkòrò tí ń yọ ẹni tí ó gbé e lẹ́nu jẹ, iṣẹ́ tí ekurá, pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀, kò lè ṣe fún ara rẹ̀: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹni tí ó ń gbé e ni ó kàn mí jù. Ìjàpá òkun ń kú sínú àwọ̀n, ekurá ń kú nítorí lẹbẹ rẹ̀ tí wọ́n ń tà sí ilẹ̀ Éṣíà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn CITES láti 1974, èyí tí ó ka òwò ìjàpá òkun láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn kì í tún àwọ̀n ṣe. Apẹja tí ó pa ìjàpá òkun tí ó ya àwọ̀n rẹ̀ kò yẹ fún ìbáwí láti ẹnu ẹni tí ń jẹ iyán l'Ákùúrẹ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ya owó sọ́tọ̀, kí ẹni tí ó bá tú ìjàpá òkun sílẹ̀ láàyè gba owó àwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.