Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó wa ní mérì, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2026, a dìbò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. A yan àwọn aṣòfin, a sì yan àwọn tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ kọ́múùnù. Láti Onígbòlò dé Pọ́bẹ̀, títí dé Sàkẹ́tẹ́, tọmọdé tàgbà ló mọ orúkọ àwọn tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́jà pé ta ni ń fọwọ́ sí ìwé kí owó kọ́múùnù tó jáde, ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé mẹ́à ni. Kì í ṣe mẹ́à mọ́.

Òfin 2021-14, tó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Mẹ́à ṣì ni olórí ìgbìmọ̀ kọ́múùnù, ìgbìmọ̀ náà ló sì ń fi ọwọ́ sí ètò ìnáwó ọdún. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ mérì, tó ń mú ìpinnu ìgbìmọ̀ ṣẹ, tó sì ń pàṣẹ kí owó jáde, ni Secrétaire exécutif, tí wọ́n ń pè ní S.E. A kò dìbò yàn án. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láàrin àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún 2022 ni àwọn àkọ́kọ́ wọlé sẹ́nu iṣẹ́.

Irú ipò yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ní òṣìṣẹ́ kan tó ga ju gbogbo òṣìṣẹ́ lọ. Olóṣèlú á wá, olóṣèlú á lọ, òun ló mọ ibi tí ìwé wà. Ní Kútọnù, ẹni tó sún mọ́ ipò náà jù ni akọ̀wé àgbà ìjọba. Òun ló ń to ọ̀rọ̀ tí ààrẹ àtàwọn mínísítà máa jíròrò níbi ìpàdé wọn, òun ló sì ń kéde ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Ní àwọn ọdún ìjọba Patrice Talon, orúkọ Edouard Ouin-Ouro là ń rí nísàlẹ̀ ìkéde náà. Ní Nàìjíríà, abala 171 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ààrẹ kò lè mú ẹni tó wù ú ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àárín àwọn akọ̀wé àgbà tàbí àwọn tí ipò wọn dọ́gba pẹ̀lú tiwọn ló ti gbọ́dọ̀ mú un. Báyìí ni Didi Walson-Jack ṣe gba ipò náà lọ́wọ́ Folashade Yemi-Esan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024.

Àwa ọmọ Yorùbá náà ní àpẹẹrẹ tiwa. Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1913, di olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1961. Ó ti bá ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì tún bá ìjọba Akíntọ́lá ṣiṣẹ́. Ìjà àwọn olóṣèlú méjèèjì dá gbogbo ẹkùn náà rú ní 1962, síbẹ̀ orúkọ Adebo kò bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà nìyẹn gan-an. Yóò jẹ́ iṣẹ́ tí olóṣèlú rán an, ṣùgbọ́n yóò fi ọgbọ́n àti òfin jẹ́ ẹ, yóò sì lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé: "Ẹ má bínú, òfin kò gba èyí."

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbòlò tó wà lẹ́bàá wa. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà ló jọ dá a sílẹ̀, kó tó di pé ó bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Láti ìgbà ayé Kérékou títí di òní, ààrẹ mélòó ló ti kọjá ní Kútọnù, mélòó ló kọjá ní Nàìjíríà? Kò sí ààrẹ tó lè rántí gbogbo ohun tí ìjọba fẹnu kò sí lórí ilẹ̀, lórí owó, lórí iṣẹ́ fún ọmọ ìlú. Ìwé ló ń rántí. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tọ́jú ìwé, ará abúlé ló máa ń pàdánù, nítorí kò ní nǹkan tí yóò fi hàn.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé òfin tuntun yìí dára. S.E. lè má jẹ́ ọmọ Pọ́bẹ̀, ìyẹn pàápàá lè ṣe wá láǹfààní, torí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àna tí yóò máa fún un ní àṣẹ lábẹ́lẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tí a kò dìbò yàn kò ní wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa. Bí ìgbìmọ̀ tí mẹ́à ń darí láti máa bójú tó o bá sùn, tí àwa náà sì sùn, ta ni yóò bi í léèrè?

Ohun mẹ́ta la ń fẹ́. Àkọ́kọ́, kí mérì máa kéde lọ́jà, ní èdè Yorùbá, iye owó ọjà tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bébà èdè Faransé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì kò tó. Èkejì, kí S.E. máa dáhùn lẹ́tà ará abúlé lórí ìwé, ì báà jẹ́ pé ìdáhùn náà ni "kò ṣeé ṣe," kó sì sọ ìdí. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí a dìbò yàn má ṣe fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó sọ fún wọn pé òfin kò gba nǹkan. Bí wọ́n bá lé olóòótọ́ lọ, ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ yóò fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ọwọ́ yín náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá san owó ọjà, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì jù ú nù. Bí ọ̀nà oko bá bàjẹ́ tàbí tí kànga kò bá pọn omi mọ́, ẹ má fi mọ sí kíkí mẹ́à nílé. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí mérì lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bí oṣù bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ mú ẹ̀dà náà lọ bá S.E. fúnra rẹ̀. Ìwé ni òun fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí tiyín wà lórí tábìlì rẹ̀.